Corsica lọ́jọ́ mẹ́fà láì wa mọ́tò: ṣé rélùwéè lè gbé wa dé ibi gbogbo?

Abẹ̀ní-Òkè béèrè:

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́fà la fẹ́ lò ní Corsica, erékùṣù ilẹ̀ Faransé, láàárín oṣù kẹsàn-án. Àwa mẹ́ta ni: èmi, màmá mi tí orúnkún ń dà láàmú, àti ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 9. A ò ní háyà mọ́tò. Ohun tó wù wá ni ká jókòó ti fèrèsé, kí ọkọ̀ máa gbé wa lọ, ká máa wo òkè àti òkun, ká sì sọ̀ kalẹ̀ níbi tó bá dára.

Bastia la máa bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ náà la sì máa ti padà. Bí mo ṣe tò ó rèé: Bastia, Ajaccio, Bonifacio, Calvi, Corte, ká padà sí Bastia, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Ṣé rélùwéè dé gbogbo wọn? Ṣé ó yẹ ká ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀? Ìhà wo ni ká jókòó sí? Níbo ni ètò ti sábà máa ń dàrú mọ́ àlejò lọ́wọ́?

Àlàó Ojú-irin dáhùn:

Abẹ̀ní, ẹ kú ètò. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ Bonifacio kúrò, torí òun ló máa da gbogbo ìyókù rú. Rélùwéè kò dé ibẹ̀.

Ojú irin Corsica dà bí igi tó ní ẹ̀ka mẹ́ta, ìdí igi náà sì ni Ponte Leccia, ìlú kékeré kan láàárín òkè. Ẹ̀ka kan lọ sí Bastia, ọ̀kan lọ sí Calvi, èyí tó gùn jù gba inú òkè kọjá lọ sí Ajaccio. Láti Bastia dé Ajaccio jẹ́ kìlómítà 158. Láti Ponte Leccia dé Calvi jẹ́ bíi 74. Ó tán. Ẹ̀ka kẹrin wà tẹ́lẹ̀ tó gba etí òkun ìlà-oòrùn lọ dé Porto-Vecchio, ṣùgbọ́n wọ́n fọ́ afárá rẹ̀ nígbà ogun lọ́dún 1943, wọn kò sì tún un kọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń fi etí òkun sílẹ̀ ní Casamozza, tó ń yà wọ inú àfonífojì odò Golo.

Ohun kejì: ẹ má fi kìlómítà wọn àkókò. Kìlómítà 158 yẹn ń gbà tó wákàtí mẹ́rin, díẹ̀ ló máa ń dín. Ojú irin náà tẹ́ẹ́rẹ́, mítà kan péré ló wà láàárín irin méjèèjì, nígbà tí èyí tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù jẹ́ mítà 1.435. Torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ṣe lè yí kọ́lọkọ̀lọ lára òkè, tó sì lè gun òkè láti etí òkun títí dé Vizzavona tó ga tó mítà 906. Bí ẹ bá fẹ́ kó sáré, ẹ̀yin àti òkè wọ̀nyẹn ò ní bára yín ṣọ̀rẹ́. Àwọn ará Corsica fúnra wọn ń pè é ní «U Trinighellu», torí bó ṣe máa ń gbọ̀n tìtì. Ọdún 1894 ni wọ́n parí ọ̀nà náà láti Bastia dé Ajaccio.

Ohun kẹta ló ṣe pàtàkì jù: ojú irin kan ṣoṣo ló wà. Ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kò lè pàdé àyàfi ní ibùdókọ̀ tí ojú irin ti pín sí méjì. Bí ọ̀kan bá pẹ́, èkejì á dúró dè é, ìdádúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní Francardo yóò sì di ìdádúró fún ẹni tó wà ní Bocognano. Nítorí náà, ọkọ̀ kì í pọ̀ lóòjọ́. Ẹni tó bá pàdánù ti ọ̀sán lè dúró títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì pàdánù ti ìrọ̀lẹ́ yóò sùn síbi tó wà.

Bí mo ṣe máa tún ètò yín tò nìyí, ọjọ́ mẹ́fà náà ò yí padà. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ wọkọ̀ láti Bastia lọ sí Calvi, ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Ẹ sun Calvi lóru méjì. Ní ọjọ́ kejì, ẹ gun ọkọ̀ etí òkun lọ sí L'Île-Rousse kí ẹ padà. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ gba Ponte Leccia lọ sí Corte, kí ẹ sun ibẹ̀ lóru méjì. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ ti Corte lọ sí Vizzavona, bíi wákàtí kan ni, kí ẹ padà nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ ti Corte lọ sí Ajaccio. Ọjọ́ kẹfà ni kí ẹ wá gun gbogbo ọ̀nà náà láti Ajaccio padà sí Bastia láì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò ní kábàámọ̀ wákàtí mẹ́rin yẹn, torí òkè tí ẹ rí láti ìhà kan nígbà tí ẹ ń lọ, ìmọ́lẹ̀ mìíràn ló máa wà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkọ̀ ojú omi sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà tí ẹ máa ti Ajaccio dé. Ẹ sùn ní Bastia, kí ẹ wọkọ̀ omi ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Èèyàn lè rìn láti ibùdókọ̀ rélùwéè Bastia dé èbúté láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ràn yín lọ́wọ́ bí màlúù bá dúró sí ojú irin ní Venaco.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ Fèrèsé dáhùn:

Gbogbo ohun tí Àlàó sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ìhà tí ẹ máa jókòó sí, torí kò sí nọ́ńbà ìjókòó lórí tíkẹ́ẹ̀tì wọn: ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń mú èyí tó wù ú. Ẹ dé ibùdókọ̀ ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ní Bastia àti Ajaccio. Ní Corte, ọkọ̀ á ti kún kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ mú ohun tó bá ṣẹ́ kù.

Láti Calvi sí L'Île-Rousse, òkun wà ní ọwọ́ òsì. Tí ẹ bá ń padà bọ̀ ní Calvi, ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Láti Bastia, tí ẹ bá kúrò ní ìlú, adágún Biguglia wà ní ọwọ́ òsì. Láti Corte sí Vizzavona, ẹ mú ọwọ́ ọ̀tún: ìhà ibẹ̀ ni àwọn òkè gíga wà, Monte Rotondo kọ́kọ́, lẹ́yìn náà Monte d'Oro tó ga tó mítà 2,389.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù lọ wà láàárín Venaco àti Vivario. Afárá Vecchio ló wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ Gustave Eiffel ló kọ́ ọ, ọdún 1892 ni wọ́n parí rẹ̀. Ó ga ju mítà 80 lọ sókè odò. Ọkọ̀ máa ń rọra lọ níbẹ̀. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìró ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí padà: ìró tó ń rọ́ lórí òkúta á di ìró irin tó ṣófo nísàlẹ̀. Koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní rí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí kò ṣe òfuurufú, omi odò á sì máa dán láàárín òkúta funfun nísàlẹ̀ réré. Afárá mọ́tò tuntun wà nítòsí, ó sì ga ju ti rélùwéè lọ. Ó máa ń jẹ́ ìjákulẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò afárá Eiffel nígbà tó wà lórí rẹ̀: ẹni tó wà lórí afárá kì í rí afárá. Ẹ fi fóònù sílẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú irin máa wá yí po nítòsí Vivario, tí abúlé kan náà á máa hàn sí yín láti ìhà tó yàtọ̀ síra bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè.

Fún fọ́tò níbòmíràn: ọkọ̀ tuntun wọn ní fèrèsé ńlá, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ inú ọkọ̀ á máa tàn padà lára gíláàsì. Ẹ fi ojú kámẹ́rà kan gíláàsì gbọọrọ, kí ẹ fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé òjìji yín kò ní sí nínú àwòrán mọ́.

Lẹ́yìn ibùdókọ̀ Vizzavona ni ihò abẹ́ òkè tó gùn jù ní ọ̀nà náà wà, mítà 3,916. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kíyè sí ojú ọjọ́ kí ẹ tó wọ inú rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá jáde. Òkè yẹn ló pín omi erékùṣù náà: ti ìhà àríwá ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn, ti ìhà Bocognano bá odò Gravona lọ sí Ajaccio. Kùrukùru lè bo ìhà kan kí oòrùn máa ràn ní ìhà kejì.

Akin Etí-òkun dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti tíkẹ́ẹ̀tì àti ti ibùdókọ̀ kéékèèké, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí.

Ilé-iṣẹ́ rélùwéè Corsica dá dúró, ìjọba erékùṣù náà ló ni ín, kì í ṣe ti SNCF, ilé-iṣẹ́ rélùwéè ilẹ̀ Faransé. Nítorí náà, ẹ má wá àkókò ọkọ̀ wọn lórí ohun tí ẹ fi ń wá ọkọ̀ láti Paris sí Marseille. Ojú òpó tiwọn ni kí ẹ lọ, «Chemins de fer de la Corse», kí ẹ tẹ ìwé àkókò náà jáde sórí pépà. Nẹ́tíwọ̀kì máa ń lọ nínú àfonífojì. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé náà kí ẹ tó gbà á gbọ́: ti ìgbà ooru yàtọ̀ sí ti ìgbà òtútù.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. «Tous les jours» ni ojoojúmọ́. «Lundi à vendredi» ni Ajé sí Ẹtì. «Sauf dimanches et fêtes» túmọ̀ sí pé kì í rìn ní ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi. Òun ló ń fi àlejò sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. «Arrêt facultatif» ni pé ọkọ̀ kì í dúró níbẹ̀ àyàfi bí ẹnì kan bá ní kó dúró.

Ti ìkẹyìn yẹn gba àlàyé. Bí ẹ bá wà nílẹ̀, ẹ dúró síbi tí awakọ̀ ti lè rí yín láti òkèèrè, ẹ má jókòó sábẹ́ òjìji lẹ́yìn ilé. Ẹ na ọwọ́ sókè dáadáa kó tó dé, ẹ má dúró dìgbà tó bá kan yín lójú. Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ sọ fún kọ́ńdọ́ nígbà tí ẹ bá ń sanwó pé ibi báyìí lẹ ti fẹ́ sọ̀, kí ẹ sì tún rán an létí ní ibùdókọ̀ tó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, inú ọkọ̀ lẹ ti máa san. Ẹ mú yúrò kéékèèké dání.

Láti Calvi sí L'Île-Rousse, ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyanrìn: Algajola, Bodri, Davia àti àwọn mìíràn. Kìlómítà bíi 22 ni, ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 50, ọkọ̀ sì ń gba etí iyanrìn gan-an láwọn ibì kan. Nígbà ooru, wọ́n máa ń fi ọkọ̀ kún ti ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń lọ, ó ń dín kù. Kí ẹ tó wọ inú omi, ẹ ti mọ ọkọ̀ tó máa gbé yín padà.

Ní ti Bonifacio: bọ́ọ̀sì wà láti Ajaccio, ó lé ní wákàtí mẹ́ta, ọ̀nà náà gba Propriano àti Sartène, ó rẹwà, ó sì yí kọ́lọkọ̀lọ. Ẹni tó máa ń bì nínú mọ́tò kò ní gbádùn rẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀sì Corsica kò pọ̀ lóòjọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í rìn ní ọjọ́ Àìkú tí oṣù keje àti ìkẹjọ bá ti kọjá. Pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́fà àti orúnkún Màmá, ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Ìgbà tó yẹ ẹ́ ni ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ omi kọjá sí Sardinia, erékùṣù ilẹ̀ Italy; kò ju bíi wákàtí kan lọ dé Santa Teresa Gallura.

Abẹ̀ní-Òkè:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yọ Bonifacio, mo sì ti gba ètò Àlàó. Ó ku mẹ́ta: ní Ponte Leccia, báwo la ṣe máa mọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Corte? Ṣé Màmá lè rìn ní Corte? Kí ni ọmọ lè ṣe ní Vizzavona?

Àlàó Ojú-irin:

Ponte Leccia kò le, ṣùgbọ́n ó máa ń yára. Wọ́n tò ó kí ọkọ̀ lè pàdé ara wọn níbẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lè dúró sí ojú irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo wọn jọra, èèyàn á sì máa kọjá láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ẹ má tẹ̀lé èrò. Ẹ wo orúkọ ìlú tó wà níwájú ọkọ̀, kí ẹ tún bi kọ́ńdọ́: «Corte?» Tó bá ní «oui», ẹ wọlé. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé èèyàn wọ èyí tó ń lọ sí Bastia torí pé òun ló sún mọ́ ọn. Ẹ kó báàgì yín jọ kí ọkọ̀ tó dúró. Báàgì kan fún ẹnì kan, èyí tí ẹ lè gbé gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ fúnra yín.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ Fèrèsé:

Corte wà lórí òkè, ibùdókọ̀ wà nísàlẹ̀. Bíi ìṣẹ́jú 15 ni fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ gígun. Fún Màmá, ẹ pe takisí kí ẹ tó dé, ẹ má rò pé ọ̀kan á máa dúró de èrò. Ẹ wá ilé sí òpópónà Cours Paoli tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ní ìlú àtijọ́ tó kún fún àtẹ̀gùn òkúta lábẹ́ odi. Màmá lè jókòó sí Cours Paoli, kí ẹ̀yin àti ọmọ gun òkè lọ wo odi náà, apá tó dàgbà jù lára rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1419. Corte ni olú-ìlú Corsica nígbà tí Pasquale Paoli ń ṣe àkóso rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè olómìnira láti ọdún 1755, kí àwọn ọmọ ogun Faransé tó ṣẹ́gun ní Ponte Novu lọ́dún 1769. Rélùwéè gba Ponte Novu kọjá kó tó dé Ponte Leccia. Ẹ lè fi han ọmọ.

Calvi àti Ajaccio kò ní wahala bẹ́ẹ̀. Ibùdókọ̀ méjèèjì wà nísàlẹ̀ nítòsí omi, ilẹ̀ tẹ́jú níbẹ̀.

Akin Etí-òkun:

Vizzavona: ibùdókọ̀, ilé ìtura díẹ̀, àti igbó páìnì tó ga gògòrò. Ẹ ra oúnjẹ àti omi ní Corte kí ẹ tó lọ. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà láti ibùdókọ̀ lọ sí Cascades des Anglais, níbi tí omi ti ń já láti ihò òkúta kan bọ́ sí òmíràn. Ìṣẹ́jú 30 sí 40 ni ní àlọ. Apá kan lára ọ̀nà GR20 tí àwọn arìnrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀ mọ̀ káàkiri ni, àmì rẹ̀ jẹ́ ìlà funfun àti pupa lára igi àti òkúta. Ọmọ ọdún 9 lè rìn ín. Gbòǹgbò àti òkúta ló wà nílẹ̀, nítorí náà bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, kì í ṣe sálúbàtà. Omi náà tutù rinrin nínú oṣù kẹsàn-án pàápàá, òkúta etí rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Ibi tí omi ti fẹ̀ tó sì dákẹ́ ni kí ó ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Màmá ò ní lè rin ọ̀nà yìí, kí ó dúró ní òjìji ilé ìtura tó wà nítòsí ibùdókọ̀.

Nǹkan méjì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà: ẹ wo ojú ọjọ́, torí ààrá máa ń sán lórí òkè lọ́sàn-án, kí ẹ sì wo máàpù ìjọba tó ń sọ igbó tí wọ́n tì nítorí ewu iná. Wọ́n ń gbé e jáde lójoojúmọ́ nígbà ooru. Bí wọ́n bá ti igbó Vizzavona, ẹ kọjá lọ sí Bocognano nínú ọkọ̀ kan náà, kí ẹ lè la ihò abẹ́ òkè kọjá lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì padà pẹ̀lú ọkọ̀ tí ẹ ti yàn sílẹ̀.

Abẹ̀ní-Òkè:

Ó ti yé mi. Ọwọ́ ọ̀tún láti Corte, ọwọ́ òsì láti Calvi, takisí kí a tó dé. Mo ti tẹ ìwé àkókò náà jáde, mo fa ìlà pupa sábẹ́ ọkọ̀ ìkẹyìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Àlàó Ojú-irin:

Ẹ fa ìlà náà sábẹ́ èyí tó ṣáájú ìkẹyìn. Òun ni kí ẹ wọ̀.